Orí Kẹfà: Omi Ni Olórí Tíì

Bí tíì bá ṣe bí omi gbígbóná lásán lẹ́nu yín, tàbí tó korò débi pé ṣúgà márùn-ún kò ràn án, ẹ má tètè dá ewé lẹ́bi. Ní gbogbo agbègbè Malu Road ní Èkó, láti ìhà Ajégúnlẹ̀ títí dé ìhà Àpápá níbi tí àwọn tírélà ti ń tò lọ sí èbúté, ewé tí kò burú wà lórí àtẹ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni omi tí a fi sè é, bí omi náà ṣe gbóná tó nígbà tó kan ewé, àti iye ìṣẹ́jú tí a fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ní ìkòkò kan, asẹ́ kan àti aago orí fóònù lè se tíì tó dára nínú yàrá kan ṣoṣo ní Ajégúnlẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí òun ń tọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ewé tí à ń sọ. Kì í ṣe koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ń gbìn sẹ́yìnkùlé tí wọ́n sì ń pè ní ewé tíì. Kì í sì í ṣe Milo tàbí Bournvita, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó mu wọ́n láàárọ̀ á ní òun ti mu tíì. Igi kan ni, Camellia sinensis lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Láti ara rẹ̀ ni tíì dúdú ti ń wá, láti ara rẹ̀ náà ni tíì aláwọ̀ ewé ti ń wá. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹni tó ń jẹ obì mọ̀ nípa tíì ju bó ṣe rò lọ. Ẹ la obì kan, kí ẹ gé e léti, kí ẹ fi í sílẹ̀ sórí àwo. Kò ní pẹ́ tí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á fi máa pọ́n rúsúrúsú. Nínú obì, bó ṣe wà nínú ewé tíì, àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní catechin. Ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ ló ń gbé, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ọ̀bẹ tàbí eyín ló ń wó ògiri náà. Bí wọ́n bá ti pàdé, tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì bá wọn níbẹ̀, àwọ̀ á yí, adùn á yí.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nílé iṣẹ́ tíì. Wọ́n á tẹ́ ewé tútù sílẹ̀ kí ó rọ, ó sábà máa ń gbà tó wákàtí 12 sí 18. Wọ́n á lọ́ ọ tàbí kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí tí yóò fi pọ́n, kí wọ́n tó fi ooru gbẹ ẹ́. Ooru yẹn ló ń pa ẹ́ńsáìmù náà. Bó bá jẹ́ pé kété tí wọ́n já ewé ni wọ́n ti fi ooru pa á, tíì aláwọ̀ ewé ni wọn ì bá ní lọ́wọ́. Nínú tíì dúdú, púpọ̀ nínú catechin ti di nǹkan mìíràn. Theaflavin ni ọ̀kan: òun ló ń fún tíì ní àwọ̀ wúrà tó ń dán àti ìmúná tó ń jí ẹnu. Thearubigin ni èkejì: òun ló ń fún un ní pupa tó jinlẹ̀ àti ìwúwo lórí ahọ́n. Káfíìnì, tó ń lé oorun lójú ẹni tó ń mu tíì àti ẹni tó ń jẹ obì, ti wà nínú ewé látilẹ̀.

Ilé ìwádìí kan náà ló tilẹ̀ ń bójú tó obì àti tíì lórílẹ̀-èdè yìí. Cocoa Research Institute of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ni ìjọba gbé kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì lé lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Kusuku, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, nítorí ibẹ̀ ni tíì ti ń ṣe dáadáa jù ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 1,600 sí ojú òkun, òtútù ń mú, òjò sì ń rọ̀. Ní Kakara, lórí òkè yìí, ni wọ́n ti ń ṣe tíì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Highland Tea. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ará Èkó tó ń mu tíì lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ewé wà nílé. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jà, kí ẹ máa béèrè rẹ̀ léraléra, nítorí ohun tí oníbàárà bá ń béèrè ni ọlọ́jà ń gbé wá.

Orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ni Lipton. Thomas Lipton, ọmọ Glasgow tó ń ta oúnjẹ, lọ ra oko ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ní 1890, kí ó lè ta tíì ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1985, ilé iṣẹ́ Lipton ní Nàìjíríà bọ́ sábẹ́ Lever Brothers, àwọn tó ti ń ṣe ọṣẹ ní Àpápá níbí láti àwọn ọdún 1920. Púpọ̀ nínú ewé tí à ń mu ló ṣì ń gba orí omi wọlé, láti Kẹ́ńyà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ewé tó wà nínú àpò kékeré sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ CTC ti gé, tó ya, tó sì ká. Assam ní Íńdíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà ní àwọn ọdún 1930. Ó ń sọ ewé di hóró kéékèèké, bí hóró bá sì ṣe kéré tó ni omi ṣe ń tètè fa ohun inú rẹ̀ jáde. Èyí tó kéré jù, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, ni wọ́n ń dì sínú àpò. Hóró CTC tó tóbi díẹ̀ wà tí wọ́n ń tà lásán nínú páálí tàbí nínú láílọ́ọ̀nù lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta èròjà ṣáyì. Ewé tí wọ́n lọ́ láìgé wà pẹ̀lú, gígùn, dúdú, tó máa tẹ́ padà bí omi gbígbóná bá kàn án. Mo fẹ́ràn tíì tí kò sí nínú àpò fún ìdí kan tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ máa rí ohun tí ẹ ń rà. Ẹ máa rí i bóyá igi àti eruku ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀, ẹ sì máa wọn iye tí ẹ fẹ́.

Nísinsìnyí, omi. Nínú ife tíì tí kò ní mílíìkì, omi lé ní 99 nínú 100. Bí omi bá ní àléébù, kò sí ewé tó lè bò ó.

Oríṣi omi mẹ́ta ló sábà máa ń wà nílé ní agbègbè Malu Road: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà láti inú kànga, tí à ń pè ní borehole, èyí tí mẹ́rúwà kó sínú kẹ́ẹ̀gì tó sì fi ọmọlanke tì wá, àti píọ̀ wọ́tà. Inú kànga ẹ̀rọ ni mẹ́rúwà fúnra rẹ̀ ti sábà máa ń rọ ti rẹ̀, nítorí náà méjì ni wọ́n.

Ilẹ̀ yìí sún mọ́ ọ̀sà àti òkun. Bí a bá ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ ní etí òkun ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi iyọ̀ á máa rá wọlé díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí omi dídùn wà. Àwọn onímọ̀ ti rí i bẹ́ẹ̀ ní etí òkun Èkó, Àpápá sì wà lára ibi tí wọ́n dárúkọ. Iyọ̀ díẹ̀, tí ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ bí ẹ bá ń fi omi náà se ọbẹ̀, ti tó láti pa ìmúná tíì.

Irin ni ìṣòro kejì, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo ìdí garawa tàbí báfù funfun tí wọ́n ti ń bu omi kànga ẹ̀rọ sí fún ìgbà pípẹ́: pupa ìpẹtà tó lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Nígbà tí irin bá pàdé polyphenol inú tíì (orúkọ àpapọ̀ fún catechin, theaflavin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn), wọ́n á so pọ̀, wọ́n á sì di ohun dúdú. Irú ìsopọ̀ yìí ni àwọn òyìnbó fi ṣe yíǹkì ìkọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Tíì tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ sè kì í dán. Ó máa ń ṣókùnkùn, ẹni tó ń mu ún á rò pé ó ti nípọn, á wá tọ́ ọ wò, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ ju adùn irin lọ.

Ẹ lè dán omi yín wò nílé. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà se tíì, ẹ dà á sínú ife méjì tó mọ́ kedere, tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ẹ bu ṣíbí omi kànga ẹ̀rọ bíi mélòó kan sínú ọ̀kan, ẹ bu píọ̀ wọ́tà iye kan náà sínú èkejì, kí ẹ gbé méjèèjì sójú fèrèsé. Bí ti àkọ́kọ́ bá yọ àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ àlùkò, irin wà nínú omi yín. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni pupa rẹ̀ kàn jinlẹ̀ sí i, bicarbonate ló wà níbẹ̀, èyí tó máa ń wà nínú omi líle. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ á dá àwọ̀ èyí padà lójú ẹsẹ̀.

Omi líle yìí náà ló ń fa awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń léfòó lórí tíì, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri ife. Àwọn kan gbà pé mílíìkì ló fà á, tàbí pé ewé ti bàjẹ́. Michael Spiro àti Deogratius Jaganyi, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Imperial College ní London, tú àṣírí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1993. Kálísíọ̀mù àti bicarbonate inú omi, pẹ̀lú ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ló ń sọ èròjà tíì di awọ náà. Níbi tí kò bá sí kálísíọ̀mù nínú omi, awọ kì í sí.

Sísè kò mú iyọ̀ kúrò, kò sì yọ irin tó bá ti pò mọ́ omi. Ohun tí sísè ń ṣe ni pé ó ń pa kòkòrò àìsàn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìlú tí kọ́lẹ́rà tún jà ní 2024. Ní ti tíì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi kànga ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ, kí ẹ lo píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ẹ sì sè é dáadáa. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 50cl. Ó tó ife tíì méjì.

Omi tó ń hó ní Ajégúnlẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó ní Mambilla lọ. Bí a bá ṣe ń gòkè sí ni afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ sí, omi á sì máa hó kí ó tó gbóná dé 100°C, ó ń dín ní nǹkan bí 1°C fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Ní Kakara àti àyíká rẹ̀, nǹkan bí 95°C ni omi ti ń hó. Ní etí òkun níbí, 100°C ló ń dé. Tíì dúdú sì fẹ́ ooru: theaflavin àti thearubigin kì í jáde dáadáa nínú omi tó ti rọ̀. Ewé orí òkè, omi tó ń hó létí òkun: ohun tí ará Malu Road ní lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ fùlásìkì ń gba àǹfààní yìí mọ́ wa lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á se omi ní agogo márùn-ún ìdájí nígbà tí iná wà tàbí kí gáàsì má bàa ṣòfò, wọ́n á rọ ọ́ sí fùlásìkì, ẹni tó bá jí á wá bu tirẹ̀. Nígbà tí ẹnì kẹta bá fi máa bu ú, ooru rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. Ó máa ju àpò tíì sí i, mílíìkì àti ṣúgà á tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíìkì tútù tún mú ooru wálẹ̀ sí i, pùrótéènì inú rẹ̀ sì ń di polyphenol mú bí wọ́n ṣe ń jáde. Ohun tó máa mu ni mílíìkì gbígbóná tó ní àwọ̀. Ẹ se omi lákọ̀tun, ẹ dà á sórí ewé nígbà tó ṣì ń hó, ẹ dé e, kí mílíìkì dúró dìgbà tí ewé bá kúrò nínú rẹ̀.

Iye àti àsìkò ló kù. Àwọn tó ń tọ́ tíì wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ní òfin kan, ISO 3103, tó jáde ní 1980: gíráàmù 2 ewé sí mìlílítà 100 omi tó ń hó, nínú ìkòkò tánganran funfun tó ní ìdérí, fún ìṣẹ́jú 6. Tíì yẹn le. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó le kí àléébù má lè sá pamọ́. Fún mímu nílé, ìdajì ewé yẹn ti tó: ṣíbí kékeré méjì tó tẹ́jú, nǹkan bí gíráàmù 5, sí sáṣẹ́ẹ̀tì píọ̀ wọ́tà kan. Hóró CTC fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ewé gígùn fẹ́ márùn-ún. Ẹ lo aago. Káfíìnì àti òórùn ń tètè jáde; àwọn èròjà tó ń gbẹ ẹnu ń jáde lọ títí. Bí àsìkò bá ti pé, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ má ṣe fún ewé rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí tíì nípọn, kí ó fi ewé kún un, kó má fi ìṣẹ́jú kún un.

Máì ṣáyì, ẹni tó ń se tíì tà lójú títì, kì í tẹ̀ lé gbogbo èyí, iṣẹ́ rẹ̀ sì yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Lábẹ́ agboorùn, tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó tó ní bẹ́ǹṣì gígùn níwájú, ìkòkò ńlá kan kì í kúrò lórí iná. Ewé tíì wà nínú rẹ̀, atalẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wà nínú rẹ̀, kànáfùrù náà wà níbẹ̀. Ẹyin àti Indomie ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, búrẹ́dì wà lórí tábìlì. Ó máa bu tíì sínú ife ńlá kan, á da mílíìkì agolo sí i, á wá gbé ife náà sókè dé ibi èjìká, á dà á sínú ife kejì tó wà nísàlẹ̀, á tún gbé èyí sókè, okùn tíì kan gígùn láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò ní kán sílẹ̀. Ìfófòó á bo ojú rẹ̀. Dída yìí ń po mílíìkì àti ṣúgà pọ̀, ó sì ń mú ooru wálẹ̀ kíákíá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kánjú lọ sí èbúté lè mu ún láìjó lẹ́nu.

Ohun tí sísè fún ìgbà pípẹ́ ń ṣe ni pé òórùn ewé á bá oru omi lọ, àwọ̀ àti gbígbẹ ẹnu á pọ̀ sí i. Máì ṣáyì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé kan: atalẹ̀ àti kànáfùrù ló fi ń dí ipò òórùn tó lọ, mílíìkì ló fi ń tu gbígbẹ náà lójú. Pùrótéènì mílíìkì tí à ń pè ní casein ń so mọ́ polyphenol, wọn ò ní rí ẹnu gbẹ mọ́. Ẹ lè mọ̀ bí ewé rẹ̀ ṣe rí. Ẹ sọ fún un pé, "Màlámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi mílíìkì sí tèmi." Ó máa wò yín, á ní, "Ó dáa, ọ̀gá mi," á sì bu ú fún yín bó ṣe wà. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó ní kó da mílíìkì sí i.

Bí a ṣe ń tọ́ tíì wò nílé kò ná ni ní nǹkan kan. Ẹ wá ife tí inú rẹ̀ funfun. Ẹ da tíì sí i láìfi ohunkóhun kún un, kí ẹ wo ibi tí etí tíì ti kan ògiri ife. Tíì tó dára máa ń yọ àwọ̀ wúrà níbẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ẹ wo ewé tó kù nínú asẹ́: àwọ̀ bàbà tó mọ́ ló dára. Ẹ gbé asẹ́ náà súnmọ́ imú nígbà tó ṣì ń rú. Òórùn pọ̀ níbẹ̀ ju inú ife lọ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá èéfín wà nínú ewé náà, tàbí òdòdó, tàbí òórùn àpò ọ̀rinrin.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, ẹ fi ṣíbí bu ú, kí ẹ fà á wọ ẹnu pẹ̀lú afẹ́fẹ́, kí ó pariwo. Nílé wa, wọ́n á ní ọmọ tó ń fa ẹ̀kọ mímu báyìí kò gbẹ̀kọ́ ilé. Àmọ́ ìdí wà. Nǹkan márùn-ún péré ni ahọ́n mọ̀: dídùn, kíkan, iyọ̀, kíkorò, àti adùn tí irú àti ẹran ń fún ọbẹ̀. Gbogbo ohun yòókù tí à ń pè ní adùn, imú ló ń gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Fífà tó ń pariwo ń fọ́n tíì káàkiri ẹnu, ó sì ń ti òórùn rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn imú. Ẹ di imú mú, kí ẹ mu díẹ̀, kí ẹ tú imú sílẹ̀ kí ẹ tó gbé tíì mì. Ẹ máa rí i pé ohun tí ẹ rò pé ahọ́n ń ṣe, imú ló ń ṣe é.

Ẹ ya kíkorò sọ́tọ̀ sí gbígbẹ. Ahọ́n ló ń mọ kíkorò. Gbígbẹ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń fún tí ahọ́n ò sì fi yọ̀ mọ́, kì í ṣe adùn rárá: awọ ẹnu ló ń mọ̀ ọ́n bó ṣe ń mọ ìfọwọ́kàn. Polyphenol ló di pùrótéènì inú itọ́ mú, tí itọ́ kò fi lè mú ẹnu yọ̀ mọ́. Ẹni tó ń jẹ obì mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Gbígbẹ díẹ̀ tó dé, tó sì lọ, tó fi ẹnu sílẹ̀ ní mímọ́, ohun rere ni nínú tíì dúdú, tíì Kẹ́ńyà sì sábà máa ń ní in. Èyí tó dúró tí kò lọ, aago ló fà á, tàbí ewé tó jẹ́ kìkì eruku. Nígbà tí ẹ bá wá fi mílíìkì sí i, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá pọ́n bíi wúrà, ó dára. Bó bá yọ àwọ̀ eérú, ẹ padà lọ yẹ omi yín wò.

Ní ti ìlera, ohun tó kan wa jù ní Ajégúnlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Polyphenol tó ń di itọ́ mú náà ló ń di irin inú oúnjẹ mú nínú ikùn, pàápàá irin inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà, tí ara ò fi ní rí i gbà. Ẹni tó ń fi tíì ti búrẹ́dì àti ẹ̀wà sísàlẹ̀ láràárọ̀ ń jẹ ẹ̀wà, àmọ́ irin inú rẹ̀ ń kọjá lọ ni. Aláboyún, ọmọdé, àti ẹni tí wọ́n ti sọ fún ní ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí kan sáàárín oúnjẹ àti tíì. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí fún àwọn ìyá.

Káfíìnì inú ife kan jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 40 sí 50. Àjọ WHO gba aláboyún tó bá ń kọjá mílígíráàmù 300 lóòjọ́ níyànjú pé kí ó dín in kù, obì tó ń jẹ sì wà nínú ìṣirò yìí. Ní 2016, IARC, tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ fún WHO, sọ pé ó ṣeé ṣe kí mímu ohunkóhun tó gbóná ju 65°C lọ máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ jẹ́ kí omi hó sórí ewé, kí ó má hó wọ ọ̀fun. Ṣúgà oníhóró kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4. Hóró mẹ́rin nínú ife, ife mẹ́ta lóòjọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 50, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gíráàmù 25 tí WHO ní 2015 sọ pé ó dára jù kí àgbàlagbà má kọjá. Tíì tí a sè dáadáa kì í béèrè ṣúgà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn páálí tí wọ́n ń tà pé tíì tó ń mú ikùn wálẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ewé senna, tó ń mú ni ya ìgbẹ́, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ewé tíì gbígbẹ ń fa ọ̀rinrin, ó sì ń fa òórùn. Àwọn ará Ṣáínà fi èyí ṣe ọgbọ́n: wọ́n ń tẹ́ òdòdó jasmine sáàárín ewé kí ó lè gba òórùn rẹ̀. Àmọ́ lọ́jà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, edé, ẹja gbígbẹ àti àlùbọ́sà ló máa ń wà nítòsí. Ẹ má ra ewé tó wà nínú láílọ́ọ̀nù ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nílé, ẹ kó o sínú agolo tó ní ìdérí tó dé dáadáa, kí ó jìnnà sí sítóòfù kẹrosíìnì àti sí oòrùn, kí ẹ sì máa ra èyí tí ẹ máa lò tán láàárín oṣù díẹ̀, nítorí ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kó pẹ́.

Bí ẹ bá ti rí Highland Tea àti hóró Kẹ́ńyà kan rà, ẹ sè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà: omi kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, ife funfun méjì. Ẹ ṣe é kí ẹ tó jẹun, kí ó sì ti tó ìdajì wákàtí tí ẹ fọ eyín, nítorí ọṣẹ ìfọyín ń yí adùn padà lẹ́nu. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, tí ẹ gbóòórùn, tí ẹ sì tọ́ wò sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yí. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu láàárín ife kan sí èkejì, kí ẹ sì padà sórí ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ èkejì wò, torí gbígbẹ tí ọ̀kan bá fi sílẹ̀ lẹ́nu máa ń mú kí èyí tó tẹ̀ lé e dà bíi pé ó le ju bó ṣe wà lọ.